Ìpìlẹ̀ ilé lórí ilẹ̀ oríṣi mẹ́ta ní Kuje: ṣé kí n da kọnkéré, àbí kí n dúró?

Olùbéèrè, láti Kuje:

Mo kí gbogbo yín o, àgbà àti ọmọdé. Ọ̀rọ̀ ilé tí mo fẹ́ kọ́ fúnra mi ni mo gbé wá, ó sì ti ń dí oorun mi lọ́wọ́ láti ọjọ́ Sátidé tó kọjá. Ilẹ̀ náà wà ní Kuje, níbi tí ilẹ̀ ti ń dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ lọ sí fàdámà tí àwọn àgbẹ̀ Gbagyi ń gbin ìrẹsì sí. Ilé oníyàrá mẹ́ta tí kò ní pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni mo fẹ́ kọ́ síbẹ̀. Ọdún mẹ́ta gbáko ni mo fi tọ́jú owó ìpìlẹ̀ yìí láti inú owó oṣù mi, nítorí pé n kò fẹ́ kí gbèsè wà lábẹ́ ilé tí àwọn ọmọ mi yóò máa sùn sí.

Àwọn lébùrà ti gbẹ́ yàrà ìpìlẹ̀ tán. Fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ íǹṣì 27, jíjìn rẹ̀ sì jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 3, bí bíríkìlà mi ṣe ní kí wọ́n gbẹ́ ẹ. Ohun tí a bá nínú yàrà náà ni kò fi mí lọ́kàn balẹ̀. Ní igun òkè, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, dígà kan àpáta nígbà tí a kò tíì gbẹ́ ju ẹsẹ̀ bàtà kan ààbọ̀ lọ; ńṣe ni iná ń ta lára irin náà, wọn kò sì rí i gbẹ́ mọ́. Ní àárín, yẹ̀pẹ̀ pupa líle tí gbogbo wa mọ̀ mọ́ Àbújá ni ó wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ìsàlẹ̀, níbi tí yàrá àwọn ọmọ yóò wà, ilẹ̀ náà ṣú, ó dà bí eérú tí a fi omi pò, ó sì ń lẹ̀ mọ́ ṣọ́bìrì débi pé lébùrà ní láti máa fi igi ha á kúrò kí ó tó lè bu òmíràn. Ní àárọ̀ àná, mo ki ọ̀pá irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan bọ ìsàlẹ̀ yàrà ní apá ibẹ̀, ó sì wọlé tó ìgbọ̀nwọ́ kan láìjẹ́ pé mo fi agbára tì í.

Bíríkìlà ní kò sí ìyọnu kankan. Ó ní kí á da kọnkéré tó nípọn íǹṣì 9 káàkiri, kí á to búlọ́ọ̀kù lé e, kí á sì fi kọnkéré dí ihò inú búlọ́ọ̀kù náà, nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe gbogbo ilé tó wà ní àdúgbò. N kò pè é ní aláìmọ̀ọ́ṣẹ́, torí òun ni ó mọ ilé ẹ̀gbọ́n mi, ilé náà sì dúró ṣánṣán títí di òní. Àmọ́ orí yẹ̀pẹ̀ pupa nìkan ni ilé ẹ̀gbọ́n mi wà.

Oṣù Kẹta ni a wà yìí, òjò sì máa ń bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹrin níbí. Sìmẹ́ńtì àpò 40 ti wà nílẹ̀ ní yàrá aládùúgbò mi. Bí mo bá dúró, sìmẹ́ńtì lè dì mọ́ mi lọ́wọ́. Bí n kò bá sì dúró, ẹ̀rù ń bà mí pé owó ọdún mẹ́ta ni mo fẹ́ dà sínú ẹrẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ nípa rẹ̀, ṣé kí n da kọnkéré bí yàrà náà ṣe wà yìí?

Onímọ̀ ẹ̀rọ, láti Gwarinpa:

Ẹ kú ìnáwó ilé kíkọ́ o. Ìdáhùn mi ni pé kí ẹ má tíì da á. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ìdí rẹ̀, torí pé bí ẹ bá mọ ìdí, ẹ̀yin fúnra yín ni ẹ ó lè bá bíríkìlà yín sọ ọ́.

Gbogbo ilé ni ó ń rì díẹ̀ bí ẹrù bá ti wọ ilẹ̀. Bí ó bá rì ní ìdọ́gba, kò sí ẹni tí yóò mọ̀. Wàhálà dé nígbà tí apá kan bá ń rì tí apá kejì kò sì mira. Àpáta tó wà ní igun òkè yín kò ní sún rárá. Ilẹ̀ tó ṣú ní ìsàlẹ̀, ní tirẹ̀, yóò máa rọlẹ̀ bí ògiri àti òrùlé ṣe ń wúwo sí i, lẹ́yìn náà yóò tún máa wú nígbà òjò, yóò sì máa súnkì nígbà ọyẹ́, ní ọdọọdún. Ẹ wo pákó tí a gbé orí rẹ̀ kan lé òkúta tí a sì gbé orí kejì lé tìmùtìmù: bí ènìyàn bá tẹ̀ ẹ́, àárín ni yóò ti kán. Lára ògiri ilé, ẹ ó rí i bí ìlà tó ń gùn bí àtẹ̀gùn láti ojú ìsopọ̀ búlọ́ọ̀kù kan sí òmíràn, tó sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láti igun fèrèsé tàbí láti orí ilẹ̀kùn. Bí ènìyàn bá rẹ́ ẹ tí ó sì kùn ún lọ́dà, yóò tún yọjú lọ́dún tó ń bọ̀. Kọnkéré íǹṣì 9 tí kò ní irin nínú kò lè dá èyí dúró, torí pé kọnkéré lágbára bí a bá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n kò lágbára bí a bá ń fà á ya.

Ohun tí ẹ kọ́kọ́ nílò ni láti mọ bí ilẹ̀ líle ṣe jìn tó. Kí àwọn lébùrà gbẹ́ kòtò àyẹ̀wò mẹ́rin, ọ̀kan ní ìtòsí igun kọ̀ọ̀kan, kí ó jìn tó mítà kan ààbọ̀ sí méjì níbi tí àpáta kò bá ti dí wọn lọ́nà. Ẹ̀gbẹ́ yàrà ni kí wọ́n gbẹ́ wọn sí, kí wọ́n má ṣe tú inú yàrà tí ìpìlẹ̀ yóò jókòó lé. Kòtò èyíkéyìí tó bá ti kọjá mítà 1.2 nínú ilẹ̀ rírọ̀ yẹn, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, kí ẹnikẹ́ni má wọ inú rẹ̀ láì fi pákó ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ilẹ̀ tó bá ya lu ènìyàn kì í fún un láyè láti ké.

Nígbà tí ẹ bá gbẹ́ ẹ tán, ẹ bu ẹ̀kúnwọ́ kan nínú ilẹ̀ tó ṣú náà, ẹ fi omi díẹ̀ rọ̀ ọ́, kí ẹ yí i láàárín àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì. Bí ó bá ń gùn tí ó sì tẹ́ẹ́rẹ́ bí okùn bàtà láìjá, amọ̀ ni ó pọ̀jù nínú rẹ̀. Ẹ rọ òmíràn bí ẹyin adìẹ, kí ẹ sá a sóòrùn. Bí ó bá sán tí ó sì kéré sí bí ẹ ṣe rọ ọ́, ẹ ti rí ohun tí yóò máa ṣe lábẹ́ ilé yín lọ́dọọdún. Ẹ tún bu díẹ̀ sínú ìgò, ẹ fi omi kún un, kí ẹ mì í dáadáa, kí ẹ sì gbé e kalẹ̀: yanrìn yóò wálẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú kan, ṣùgbọ́n amọ̀ yóò ṣì máa da omi náà rú ní ọjọ́ kejì. Àyẹ̀wò wọ̀nyí kò dípò èyí tí wọ́n ń ṣe ní yàrá ìdánwò, àmọ́ wọn yóò sọ fún yín bóyá ó yẹ kí ẹ náwó sí ti yàrá ìdánwò.

Bí yẹ̀pẹ̀ pupa bá wà nítòsí lábẹ́ ilẹ̀ tó ṣú náà, iṣẹ́ yín kò le. Ẹ kó ilẹ̀ rírọ̀ kúrò pátápátá ní apá ibẹ̀, kí ẹ sì gbé ìpìlẹ̀ sọ̀kalẹ̀ ní àtẹ̀gùn. Kí gíga àtẹ̀gùn kọ̀ọ̀kan má ju íǹṣì 9 lọ, èyí tó jẹ́ gíga búlọ́ọ̀kù kan, kí ìlà búlọ́ọ̀kù lè bá ara wọn mu nígbà tí wọ́n bá pàdé lókè. Kọnkéré ti òkè gbọ́dọ̀ gùn lé ti ìsàlẹ̀ ní ìlọ́po méjì gíga àtẹ̀gùn náà, ìyẹn íǹṣì 18 fún àtẹ̀gùn oníǹṣì 9. Ibi tí àwọn oníṣẹ́ ti máa ń rẹ́ wa jẹ gan-an nìyí: wọn yóò fi orí kọnkéré kan kan èkejì lásán, ibẹ̀ ni yóò sì ti ya. Ní ti àpáta, ẹ wá àwọn tí ń gé òkúta kí wọ́n gé e wálẹ̀ kí ojú rẹ̀ sì tẹ́jú. Bí ó bá ṣeé ṣe, kí wọ́n gé e rékọjá díẹ̀, kí ẹ fi òkúta wẹ́wẹ́ àti yanrìn tí a gún dáadáa dípò ohun tí ẹ gé, kí igun náà má baà le ju gbogbo ilé yòókù lọ.

Bí ilẹ̀ rírọ̀ náà bá jìn ju ohun tí apá ká lọ, a jẹ́ pé ìpìlẹ̀ tí a tẹ́ bí ẹní sábẹ́ gbogbo ilé, tí àwọn oníṣẹ́ ń pè ní raft, ni ọ̀rọ̀ kàn. Èyí kọjá ìfojúdíwọ̀n. Ẹ wá onímọ̀ ẹ̀rọ tí orúkọ rẹ̀ wà lọ́dọ̀ COREN, àjọ tó ń forúkọ àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ sílẹ̀, kí ó ṣírò irin rẹ̀.

Ẹ má jẹ́ kí sìmẹ́ńtì lé yín. Bí ẹ bá tò ó sórí pákó tí kò kan ilẹ̀, tí kò kan ògiri, tí ẹ sì fi tapólì bò ó, kò sí ohun tí yóò ṣe é fún oṣù kan. Ẹ wo ara àpò náà pẹ̀lú. Nọ́ńbà tó wà níbẹ̀ ń sọ bí sìmẹ́ńtì ṣe lágbára tó: 42.5 ni kí ẹ lò fún kọnkéré. Láti ọdún 2014 ni SON, àjọ tó ń bójú tó ìdára ọjà ní Nàìjíríà, ti ní ìrẹ́lé nìkan ni 32.5 wà fún. Àti pé àpò 40 kò lè tó yín. Bí yàrà yín bá gùn tó mítà 60 lápapọ̀, tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ íǹṣì 27, tí kọnkéré sì nípọn íǹṣì 9, bí kúbíìkì mítà 9 ni yóò wọ ibẹ̀, èyí yóò sì gba bí àpò 58 bí ẹ bá po sìmẹ́ńtì kan mọ́ yanrìn méjì àti òkúta mẹ́rin. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ pé 40 yóò ká a, ẹ bi í léèrè ohun tó fẹ́ fi dí àlàfo àpò 18.

Ìyá Ìbejì, láti Lugbe:

Ẹ jọ̀wọ́, Olùbéèrè, ẹ gbọ́ ohun tí wọ́n sọ fún yín lókè yìí, nítorí pé ohun tí ẹ fẹ́ ṣe gan-an ni èmi àti ọkọ mi ṣe. Ọ̀nà omi ọjọ́ pípẹ́ kan gba abẹ́ igun kan ilẹ̀ wa kọjá, a kò sì mọ̀. Bíríkìlà tí a gbà rí ilẹ̀ dúdú náà, ó ní kí á bu sìmẹ́ńtì díẹ̀ kún kọnkéré ti igun ibẹ̀, a sì gbà á gbọ́ torí pé a ń kánjú kúrò ní ilé àyágbé.

Ọdún méjì àkọ́kọ́ dára. Ní ọdún kẹta, ilẹ̀kùn yàrá àwọn ìbejì kò padé mọ́. Káfíńtà wá fá a, ó padé; lẹ́yìn oṣù mẹ́rin, kò padé mọ́. A rò pé igi ni ó wú. Ìgbà tí mo rí ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan lókè fèrèsé ni àyà mi já. Ẹni tí a pè wá yẹ̀ ẹ́ wò kò sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó po sìmẹ́ńtì díẹ̀ nínú agolo wàrà, ó lẹ̀ ẹ́ lé ìlà náà lórí ní ibi mẹ́ta, ó fi ìṣó kọ ọjọ́ sí ara ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó sì ní kí n máa wò ó. Oṣù Kẹfà ni ó lẹ̀ ẹ́. Nígbà tí yóò fi di oṣù Kẹsàn-án, méjì nínú mẹ́ta ti ya sí méjì, ọjọ́ tó kọ sí wọn sì pín sí ọ̀tún àti òsì. Mo jókòó sórí ibùsùn àwọn ọmọ náà, mo sì sunkún.

Wọ́n gbẹ́ abẹ́ ògiri náà ní mítà kan sí mítà kan, wọ́n ń fo àárín sílẹ̀ kí ilé má baà wó, wọ́n da kọnkéré sí ọ̀kan, wọ́n dúró kí ó le, kí wọ́n tó gbẹ́ èyí tó kù. Ọ̀sẹ̀ méje ni iṣẹ́ náà gbà, owó tí a ná sí igun kan ṣoṣo yẹn sì ju èyí tí a fi ṣe ìpìlẹ̀ gbogbo ilé lọ.

Ẹni tó tún un ṣe sọ ohun kan tí mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn. Ó ní omi tó ń ṣàn láti orí òrùlé wa sí igun náà gan-an ni ó ń bọ́ amọ̀ abẹ́ rẹ̀, àti pé ihò ìdalẹ̀gbin (soakaway, tí omi ìdọ̀tí ilé ń dà sí) tí a gbẹ́ sítòsí rẹ̀ ń ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́. Nítorí náà, láti ìsinsìnyí ni kí ẹ ti mọ ibi tí omi òrùlé yóò máa dà sí, kí ẹ sì gbé ihò ìdalẹ̀gbin jìnnà sí ògiri, ní apá tí ilẹ̀ ti lọ sílẹ̀. Nígbà tí ẹ bá sì ń kún inú ìpìlẹ̀ kí ẹ tó da German floor (kọnkéré ilẹ̀ inú ilé), ẹ má jẹ́ kí típà dá yẹ̀pẹ̀ jọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kí wọ́n sì tẹ́ ẹ. Íǹṣì 6, ẹ wọ́n omi sí i, ẹ gún un. Íǹṣì 6 mìíràn, ẹ gún un. Ẹ dúró tì wọ́n. Bí ẹ bá lọ síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ yẹn, wọn kò ní gún un. Ẹ rántí oògùn ikán pẹ̀lú kí ẹ tó tẹ́ ọ̀rá, torí pé ikán Àbújá kì í fi ilé tuntun sílẹ̀.

Ọ̀mọlé Àgbà, láti Gombe:

Mo kí yín, ẹ̀yin ọmọ mi. Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tí mo ti ń mọ ilé ní òkè Ọya yìí, láti Jos dé Maiduguri, mo sì fẹ́ sọ ti ẹnu mi lórí ilẹ̀ tó ṣú yìí.

Onímọ̀ ẹ̀rọ sọ̀rọ̀ dáadáa, àmọ́ kí ẹnikẹ́ni má tètè dárúkọ raft fún ẹni tó ń fi owó oṣù kọ́lé. Mo ti rí i tí wọ́n fi irin sí abẹ́ ilé kékeré débi pé kò ku owó tí wọn yóò fi kan òrùlé, ilé náà sì wà ní ìhòòhò fún ọdún mẹ́fà. Ìbéèrè tí èmi yóò kọ́kọ́ bi Olùbéèrè ni pé, ṣé ilé náà gbọ́dọ̀ dé ibi tí ilẹ̀ ti ṣú ni? Bí ilẹ̀ yín bá ṣì gbòòrò lókè, ẹ sún ilé náà gòkè ní mítà méjì tàbí mẹ́ta, kí ẹ fi ìsàlẹ̀ gbin ọ̀gẹ̀dẹ̀. Èèkàn àti okùn ni ẹ ó ṣí nípò. Kò sí ìpìlẹ̀ tó rọjú tó èyí tí a kò gbé lé ilẹ̀ burúkú rárá.

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Àbújá kò tíì rí ilẹ̀ dúdú. Ẹ wá sí apá Dikwa àti Ngala ní Borno, níbi tí àwọn Kanuri ń pè é ní firki, tí wọ́n ń gbin ọkà bàbà masakwa sí nígbà ẹ̀ẹ̀rùn nítorí pé omi òjò kì í tètè kúrò nínú rẹ̀. Bí ọyẹ́ bá mú, ilẹ̀ náà yóò lanu débi pé ọmọdé lè ki gbogbo ọwọ́ bọ ọ́. Bí òjò bá dé, yóò wú, yóò sì gbé ògiri tí kò wúwo sókè. Mo ti rí ògiri ọgbà tó wọ́ bí ejò ní ilẹ̀ yẹn, a sì kọ́ ọ ní títọ́ bí okùn. Ohun tí ibẹ̀ kọ́ mi ni pé ìpìlẹ̀ gbọ́dọ̀ kọjá ibi tí ọyẹ́ ti lè gbẹ ẹ́, àti pé kí ènìyàn má fi ìsàlẹ̀ yàrà amọ̀ hàn oòrùn tàbí òjò. Ẹ fi íǹṣì 4 ìkẹyìn sílẹ̀ láìgbẹ́. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí ẹ fẹ́ da kọnkéré ni kí ẹ tó gbẹ́ ẹ, kí ẹ sì da á lójú ẹsẹ̀. Bí òjò bá ti wọ yàrà kí ẹ tó da á, ẹ kó gbogbo ẹrẹ̀ kúrò títí ẹ ó fi kan ilẹ̀ tó gbẹ. Ẹ má da yanrìn bò ó kí ẹ sì pè é ní gbígbẹ.

Bí ẹ bá gbé irin sí ìpìlẹ̀, kí irin náà má sùn lórí ilẹ̀. Ẹ fi sìmẹ́ńtì mọ àwọn òkúta kéékèèké tó nípọn íǹṣì 2, kí ẹ fi gbé e sókè. Irin tó kan ilẹ̀ yóò dógùn-ún, ìdógùn-ún yóò sì fọ́ kọnkéré láti inú wá. Kí wọ́n má sì fi omi po kọnkéré bí ẹ̀kọ nítorí kí ó lè tètè ṣàn. Mo mọ̀ pé mai ruwa, ẹni tó ń ta omi, yóò ti kó kẹ̀kẹ́ omi rẹ̀ dé, tí àwọn lébùrà yóò máa rọ ọ́ sí i kí ọwọ́ lè yá. Ẹ gba garawa lọ́wọ́ wọn. Omi tó ṣẹ́kù, òun ni kí ẹ fi máa rin kọnkéré náà fún ọjọ́ méje, kí ẹ fi àpò bò ó.

Ní ti bíríkìlà yín, ẹ má lé e lọ. Ẹni tó mọ ilé sórí yẹ̀pẹ̀ pupa fún ọdún mẹ́wàá, ilẹ̀ rere ni ó kọ́ ọ níṣẹ́, kò sì tíì pàdé èyí tó burú. Ẹ pè é síbi kòtò àyẹ̀wò náà, kí ó fọwọ́ ara rẹ̀ yí amọ̀ náà wò.

Ará Kubwa:

Àfikún díẹ̀ ni tèmi, lórí sísún tí Bàbá ní kí wọ́n sún ilé gòkè. Ìmọ̀ràn rere ni, ṣùgbọ́n bí ìjọba bá ti fọwọ́ sí àwòrán ilé yín, àyè tí ẹ fi sílẹ̀ láàárín ilé àti ààlà wà nínú ohun tí wọ́n fọwọ́ sí. Ẹ mú àwòrán náà padà lọ kí wọ́n ṣe àtúnṣe sí i kí ẹ tó ṣí èèkàn nípò, torí pé ilé tí a sún láìgbàṣẹ lè di èyí tí wọ́n fi ọ̀dà pupa kọ nǹkan sí lára. Ẹ jẹ́ kí awọnlẹ̀ fi òkúta ààlà yín hàn yín lẹ́ẹ̀kan sí i pẹ̀lú. Kí ojú má baà tàn yín jẹ níbẹ̀ ni.

Olùbéèrè, láti Kuje:

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ yín, mo sì tọrọ àforíjì pé ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́rin kí n tó padà wá. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí a bá.

Kòtò mẹ́rin ni a gbẹ́. Nínú èyí tó wà ní igun tó súnmọ́ ọ̀nà, àpáta náà ni. Èkejì lókè jẹ́ yẹ̀pẹ̀ pupa láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ní ìsàlẹ̀ lápá òsì, ilẹ̀ tó ṣú náà tán ní mítà 1.2, yẹ̀pẹ̀ pupa tó ní òkúta wẹ́wẹ́ nínú sì bẹ̀rẹ̀. Ní ìsàlẹ̀ lápá ọ̀tún, a gbẹ́ ẹ dé mítà 1.9 kí ilẹ̀ líle tó yọjú, nígbà tí ilẹ̀ sì máa fi mọ́, omi ti sun sínú kòtò náà, ó tó ìwọ̀n ọwọ́ kan. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn nìyẹn o. Mo dúró létí rẹ̀, mo ń ronú pé ibẹ̀ gan-an ni mo fẹ́ tẹ́ ibùsùn àwọn ọmọ sí.

Mo pe bíríkìlà mi, mo fún un ní owó iṣẹ́ ọjọ́ náà bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò ní búlọ́ọ̀kù kankan láti tò. Ó bu amọ̀ náà, ó yí i. Ó gùn, ó gùn, ó ń fì láàárín ìka rẹ̀, kò sì já. Ó tún bu òmíràn, ó yí i, ó wo ojú mi, ó ní, "Alàgbà, ẹ jẹ́ kí á sún un." Láti ọjọ́ náà, òun ni ó ń bá àwọn lébùrà jà lórí ohun tí ẹ kọ́ wa níbí.

Onímọ̀ ẹ̀rọ kan wá wo ilẹ̀ náà. Ilé ti sún gòkè ní mítà mẹ́ta, wọ́n sì ti tún àwòrán fọwọ́ sí. Ohun tó jẹ́ kí ó pẹ́ nìyẹn. Igun kan ṣoṣo ni ó ṣì kan ilẹ̀ tó ṣú, níbi tí jíjìn rẹ̀ kò ti tó mítà kan. A ó kó o kúrò, a ó sì gbé ìpìlẹ̀ sọ̀kalẹ̀ níbẹ̀ ní àtẹ̀gùn méjì. Wọ́n ti gé àpáta náà wálẹ̀. Bíìmù kọnkéré tí irin mẹ́rin wà nínú rẹ̀ yóò yí gbogbo ilé po lókè ìpìlẹ̀, kí German floor tó dé. Nínú sìmẹ́ńtì mi, àpò 8 jẹ́ 32.5, mo fi wọ́n fún aládùúgbò mi tó ń rẹ́ ilé rẹ̀, ó sì ra 42.5 dípò fún mi. Mo ti ra àpò 25 kún un.

Òjò àkọ́kọ́ rọ̀ ní alẹ́ Ọjọ́rú. Omi wọ yàrà tuntun tí a gbẹ́, ṣùgbọ́n íǹṣì 4 ìkẹyìn ṣì wà níbẹ̀ tí ó bo ilẹ̀ gidi, bí Bàbá ṣe wí. Ní òwúrọ̀ Sátidé, ní agogo 6, a ó gbẹ́ ẹ kúrò, a ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í da kọnkéré. Mo ti gba ìsinmi lọ́jọ́ Ẹtì àti Ajé.

Onímọ̀ ẹ̀rọ, láti Gwarinpa:

Ẹ ṣeun gan-an pé ẹ padà wá ròyìn fún wa. Ohun kan ṣoṣo ni ó kù kí Sátidé tó dé. Níwọ̀n bí gbogbo èèkàn ti ṣí nípò, ẹ tún igun ilé wọ̀n lọ́jọ́ Ẹtì. Láti igun kọ̀ọ̀kan, ẹ wọn ẹsẹ̀ bàtà 3 lórí okùn kan, 4 lórí okùn kejì, kí ẹ rí i pé àárín àmì méjèèjì jẹ́ 5 géérégé. Lẹ́yìn náà, ẹ na okùn láti igun dé igun tó kọjú sí i ní ọ̀nà méjèèjì. Bí gígùn wọn kò bá dọ́gba, ẹ má gbẹ́ íǹṣì 4 yẹn.

Olùbéèrè, láti Kuje:

A wọ̀n ọ́n ní ìrọ̀lẹ́ yìí, èmi ni mo di orí okùn kan mú, bíríkìlà di èkejì. Íǹṣì méjì ni ó fi yàtọ̀. A ti sún èèkàn igun ìsàlẹ̀ lápá òsì, ó ti dọ́gba báyìí.